Kí Ló Dùn Nínú Géèmù Tí Kì Í Ṣàánú Ẹni?

Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn kíláàsì SS2 ní àkókò ìsinmi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ìjà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Arsenal àti Chelsea tó ti di oúnjẹ òòjọ́ wa. Ọ̀rọ̀ géèmù ni. Kì í tiẹ̀ ṣe géèmù tó ń dán gbinrin. Àwòrán rẹ̀ rí kéékèèké bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ, ó dà bíi ti ayé ẹ̀gbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Ohun tó sì mú ariwo wá ni pé, tí o bá kú nínú rẹ̀, o kú náà nìyẹn. Gbogbo ohun tí o ti kó jọ ti wọmi, wàá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá.

Kí ẹnikẹ́ni tó fẹjọ́ wa sùn: fóònù kì í wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ilé ni oníkálukú ti ń gbá a. Ẹnu nìkan la fi ń gbé e wá síbí.

Ẹnì kan ló bi wá léèrè lọ́jọ́ kan pé, “Kí gan-an ló ń dùn mọ́ yín nínú ohun tó ń fìyà jẹ yín?” Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní kò sí adùn kankan níbẹ̀, orí kunkun ni. Àwọn kan ní géèmù tí kò lè pa èèyàn, eré ọmọ nọ́sìrì ni. Nígbà tó yá, olóòtú wa sọ fún mi pé kí n yé pariwo, kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti wá kọ ọ́ báyìí. Ẹ̀yìn géèmù líle ni mo wà, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú wọn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Orúkọ géèmù náà ni Shattered Pixel Dungeon. Oleg Dolya, tí wọ́n mọ̀ sí Watabou, ló kọ́kọ́ gbé Pixel Dungeon jáde ní 2012. Ó wá ju kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá wù ú mú un. Ní 2014, Evan Debenham mú un, ó tún un ṣe, ó sì ń tún un ṣe títí dòní. Ọ̀fẹ́ ni lórí Android. Tí o bá ti wà á sórí fóònù tán, kò tún nílò dátà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìpolówó tó máa já lu eré ẹ. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti là sí méjì pàápàá ń gbé e. Ìdí tó fi wọ kíláàsì wa nìyẹn. Orí YouTube la ti ń wo àwọn tó ń gbá Elden Ring; nínú wa, mi ò mọ ẹni tí ilé wọn ní ẹ̀rọ tó lè gbé e.

Ihò ilẹ̀ jíjìn kan ni wọ́n máa sọ ẹ sí. O lè jẹ́ jagunjagun, o lè jẹ́ oṣó, o lè jẹ́ ọdẹ obìnrin tó ń tafà. Àjà 25 ni wàá sọ̀ kalẹ̀. Ní gbogbo àjà márùn-ún-márùn-ún, ọ̀gá kan wà tó ń dúró dè ẹ́. Ebi ń pa ẹ́ bí o ṣe ń rìn, nítorí náà o ò lè lọ fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan títí ayé. Ihò náà fúnra rẹ̀ kì í jọ ti àná: tí o bá kú tí o tún bẹ̀rẹ̀, yàrá, ilẹ̀kùn àti ọ̀nà ti yí padà. Àwọn ìgò oògùn tí o máa rí he, àwọ̀ wọn nìkan lo mọ̀. Ìgò pupa tó wò ẹ́ sàn lónìí, ó lè jẹ́ pé iná ló máa tú jáde nínú rẹ̀ lọ́la.

Ọ̀gá tó wà ní àjà karùn-ún ni Goo. Ó dúdú, ó ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí ilá tó ti sùn mọ́jú. Ìgbà mọ́kànlá ló pa mí kí n tó pa á lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Kó tó lu ẹ́ ní ìlù ńlá, ó kọ́kọ́ máa ń wú. Tí o bá rí i tó ń wú, sún sẹ́yìn, kúrò níwájú rẹ̀. Tó bá wà nínú omi, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ń jiná. Nítorí náà, fà á kúrò nínú omi wá sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìwọ̀nba ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ojú ẹ ló ṣe gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹ. Nígbà tó pa mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i pé omi ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó pa mí lẹ́ẹ̀kejì ìyẹn, mo mọ bí mo ṣe lè dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n sì fọ́ nǹkan tó bá ń bọ̀ lórí kó tó rí mi. Àwọn àgbà ní ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nínú géèmù yìí, èmi ni ẹni iwájú, èmi náà ni ará ẹ̀yìn.

Irú géèmù báyìí ti pẹ́ láyé. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rárá: àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa fi ẹnu rìnrìn àjò nínú ihò àti igbó. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọnú kọ̀ǹpútà. Ní 1980, Michael Toy àti Glenn Wichman ṣe Rogue. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì ló kún ojú rẹ̀. Àmì @ ni ìwọ. Lẹ́tà D tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ, dírágónì ni, yáa sá. Ihò Rogue kì í jọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá sì kú nínú rẹ̀ ti kú. Àwọn géèmù tó jọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní roguelike títí dòní. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Pixel Dungeon tiwa yìí.

Ọdún kejì, ní 1981, Andrew Greenberg àti Robert Woodhead gbé Wizardry jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Èyí ló le jù. Èèyàn mẹ́fà lo máa kó jọ, ẹ ó wá wọ ihò àjà 10. Géèmù náà ò ní yàwòrán ọ̀nà fún ẹ. Ìwọ fúnra ẹ ni wàá máa fi pẹ́ńsù yà á sórí ìwé gíráàfù, irú èyí tí à ń lò fún máàsì. Tí gbogbo wọn bá kú, òkú wọn á wà níbẹ̀. Wàá tún kó ẹgbẹ́ mìíràn jọ láti lọ gbé òkú wọn wá. Tí o bá gbé òkú náà dé tẹ́ńpìlì tí o san owó kí wọ́n jí i, wọ́n lè má rí i jí, kó di eérú. Tí wọ́n bá tún gbìyànjú lórí eérú tí kò ṣe é ṣe, ẹni yẹn ti lọ pátápátá.

Ẹ má rò pé ìkà lásán ló mú wọn ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìrántí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi gbá Wizardry kò ju kílóbáìtì 48 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sábà máa ń ju ìyẹn lọ. Kò sí àyè fún ìtàn gígùn, kò sí àyè fún àwòrán púpọ̀. Nígbà tí àjà náà jẹ́ 10 péré, kí ló máa mú un pẹ́ lọ́wọ́ ẹni? Ìbẹ̀rù ni. Tí o bá mọ̀ pé ìgbésẹ̀ kan lè pa ẹ́, wàá rọra gbé ẹsẹ̀, ihò kékeré yóò wá dà bí igbó kìjikìji.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lítíréṣọ̀ Yorùbá, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò tíì máa jọ nǹkan létí yín? Ní 1938, kí ẹnikẹ́ni tó lálàá géèmù kankan, D. O. Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Nígbà tí Àkàrà-oògùn ń lọ sí Òkè Lángbòdó, kò dá lọ. Kákò wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Ìmọ̀dóye wà níbẹ̀ fún ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀ fún orin, ẹnì kan ń gbọ́ èdè ẹranko, ẹnì kan ń tafà. Kò sí ẹni tó ní gbogbo ẹ̀bùn tán nínú wọn. Ẹni tó bá ti kó ẹgbẹ́ jọ nínú Wizardry rí, ó mọ ìdí tí Fágúnwà fi tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí nínú ìjiyàn wa, àwọn tó ń pè wá ní aláfaráwé òyìnbó dákẹ́ díẹ̀. Igbó tí ń pa ọdẹ kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn tó kù.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n kan ní SS3. Wọ́n ní ìgbéraga lásán ló ń dà wá láàmú. Wọ́n ní ẹni tó ń gbá géèmù líle, ó ń gbá a kó lè sọ pé òun gbá a ni. Wọ́n fi ayò ọlọ́pọ́n ṣàpẹẹrẹ: ẹ wo bí ọ̀ta ṣe ń bú ọ̀pẹ lábẹ́ igi, tí àwọn tó ń wòran ń pariwo, ṣé ayò ló dùn mọ́ ọ̀ta yẹn àbí ariwo? Mo gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo pa Goo, mi ò lè sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kí n lè wá ròyìn fún yín. Ṣùgbọ́n ayò tí wọ́n mẹ́nu bà yẹn ló gbè mí lẹ́yìn. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ wà lójú táyé. Ọ̀ta kò ní ọmọ ayò kan tí ọ̀pẹ ò rí. Tí ó bá jẹ́ ẹ láyò, kò lè jẹ́ pé ó fi nǹkan pamọ́ sápò. Ohun tó rí ni ìwọ ò rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pẹ fi máa ń padà wá lọ́jọ́ kejì bí wọ́n tiẹ̀ bú u dé ìran bàbá rẹ̀.

Ẹnì kejì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ kíláàsì wa ni, òun ló béèrè ìbéèrè tó dá ìjà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja yíyan. Tí a bá jáde níbí, ìsọ̀ ló ń gbà lọ. Tó bá délé, á fọ abọ́, á kọ́ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́ àṣetiléwá, kó tó wá kan tirẹ̀. Fóònù tó ń lò, ti ìyá rẹ̀ ni, ìgbà tí ìyá bá sì ti sùn ló ń rí i lò, bí ìdajì wákàtí. Òun náà fẹ́ràn géèmù iwin àti ìdà bíi tiwa. PPSSPP ló fi ń gbá àwọn géèmù PSP àtijọ́ lórí fóònù, èyí tó jẹ́ pé o lè séèfù níbikíbi, àní láàárín ogun. Tó bá fẹ́ wọ ìjà, á séèfù. Tó bá kú, á padà síbi tó séèfù sí. Àwọn ọmọkùnrin wa sì ń pariwo lé e lórí pé, “Ojóro! Ojóro!”

Ó ní, “Ta ni mo rẹ́ jẹ? Èmi nìkan ni mò ń gbá a.” Ó wá kọjú sí mi. Ó ní: “Ìwọ ní wákàtí mẹ́ta ní Sátidé tí o lè sọ nù. Èmi ò ní in. Tí mo bá fi ọjọ́ mẹ́rin rìn dé àjà keje, tí nǹkan kan wá pa mí níṣẹ̀ẹ́jú kan, ọjọ́ mẹ́rin mi ló lọ yẹn. Ṣé ayé ò tíì le tó lójú yín ni? Ẹja tí a yan lánàá, tí kò bá tà, à ń tún un yan lónìí. Ojoojúmọ́ là ń padà síbẹ̀rẹ̀. Mi ò lè tún wá fi eré jìyà.”

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Agogo ló gbà wá sílẹ̀.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà, torí pé òótọ́ ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ló lè rà á padà tó bá sọ ọ́ nù. Ikú inú géèmù dọ́gba fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa kò dọ́gba. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo fídíò tí mo ti wò níbi tí àwọn àgbà òṣèré géèmù ti ń jiyàn lórí Dark Souls. Dark Souls, tí ilé-iṣẹ́ FromSoftware ní Japan gbé jáde ní 2011, tí o bá kú nínú rẹ̀, ẹ̀mí tí o ti kó jọ á wà nílẹ̀ níbi tí o kú sí. O lè padà lọ kó o, ṣùgbọ́n tí o bá tún kú lọ́nà, ó ti wọgbó. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn á ní, “Ẹ lọ kọ́ ọ sí i.” Kò burú. Ẹni tí kò ní ju ìdajì wákàtí lọ ńkọ́?

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ láti dáhùn ni ìtàn tí ẹ̀gbọ́n mi àgbà sọ fún mi. Láyé ìgbà tiwọn, ilé géèmù kan wà ládùúgbò tí wọ́n ti ń san owó wákàtí gbá PlayStation 2. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo èèyàn ń gbá níbẹ̀, àwọn nìkan ló ń gbá Final Fantasy X, èyí tó jáde ní 2001. Nínú géèmù yẹn, o ò lè séèfù àfi tí o bá dé ibi tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti gbá a fún wákàtí púpọ̀, wọ́n ti ṣẹ́gun ọ̀tá kan tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibi ìséèfù ku díẹ̀. Iná lọ. Kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó fa jẹnẹrétọ̀, ohun gbogbo ti parẹ́. Owó lọ, àkókò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe pípàdánù ló dun àwọn jù. Wọ́n ní, “Mo jókòó, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rí nǹkan kan tí mo lè ṣe yàtọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Iná lọ ni. Kí ni mo fẹ́ kọ́ níbẹ̀?”

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé a ti ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe nǹkan méjì. Ìnira kan wà tó ní òfin. Òfin yẹn wà lójú ẹ, bákan náà ló rí fún gbogbo èèyàn, tí o bá sì ṣubú, o lè wo ẹ̀yìn kí o rí ohun tó gbé ẹ ṣubú. Ìnira mìíràn wà tó jẹ́ pé ó kàn wọlé tọ̀ ẹ́ ni. Iná lọ, ọkọ̀ bàjẹ́, ẹja ò tà nítorí pé òjò rọ̀. O lè wo ẹ̀yìn títí ọrùn á fi wọ́, o ò ní rí nǹkan kan. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo rò pé ohun tó dùn mọ́ mi nínú géèmù líle ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe é wò. Níta, nǹkan púpọ̀ ló ń gbé wa ṣubú tí ẹ̀yìn wọn ò ṣe é wò. Ìjẹ̀dé tí ilé-iṣẹ́ iná Egbin wà kò jìnnà sí wa, mẹ́gáwáàtì 1,320 sì ni wọ́n kọ́ ọ láti lè pèsè. Ṣùgbọ́n wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná rẹ̀ ń wọ̀, kì í ṣe ti àdúgbò wa nìkan. Ta ni máa bi léèrè tí iná bá lọ ní alẹ́ ọjọ́ ìdánwò? Goo ní tirẹ̀, mo lè bi í léèrè. Á dáhùn.

Ọmọ àǹtí mi kan tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi, ó rẹ́rìn-ín. Apẹja ni bàbá rẹ̀, orí ọ̀sà ni wọ́n ti ń jẹun. Ó ní n kò tíì pín in dáadáa. Ó ní ọ̀sà náà ń pa èèyàn, kò sì kọ òfin rẹ̀ sára pátákó, ṣùgbọ́n bàbá òun mọ̀ ọ́n. Ìlà oòrùn á kọ́kọ́ ṣú, atẹ́gùn á yí padà, àwọn ẹyẹ á máa wálé. Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ á ní ìjì ṣàdédé dé ni. Bàbá òun ti tu ọkọ̀ dé èbúté kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Goo yín ń wú kó tó lù yín. Òjò náà ń ṣú kó tó rọ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nǹkan míì tí à ń pè ní àdédé, ó ní àmì tirẹ̀, ojú wa ni kò tíì là tó. Ṣùgbọ́n èmi náà ṣì dá a lóhùn pé iná tó lọ kò ṣú kó tó lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ẹlẹ́ja yíyan. Mo sọ fún un pé géèmù tiwa yìí kì í ṣe bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Tí ìyá ẹ bá pè ẹ́, jáde. Tí bátìrì bá fẹ́ kú, jáde. Ó máa pa ibi tí o dé mọ́ fún ẹ, ìgbésẹ̀ tí o kúrò níbẹ̀ gan-an lo máa bá a. Ìdajì wákàtí tó o bá rí lónìí, ìdajì wákàtí lọ́la, ó tò jọ. Ohun tó wá láti ìta, ó fojú fò ó. Ohun tí ìwọ fi ọwọ́ ara ẹ yàn, kì í fojú fò ó. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí géèmù líle rí nìyẹn. Èyí tó bá jẹ́ kí iná pa ẹ́, kò le, aláìnáání ni.

Ó ronú sí i. Ó ní, “Ó dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin mi ṣì lè lọ.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Mi ò ní gbá a nìyẹn. Èmi, ìtàn ni mò ń wá. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa parí kí n tó sùn.” Bó ṣe parí láàárín àwa méjèèjì nìyẹn. Mi ò rí i yí lérò padà, òun náà kò rí mi yí. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀tọ́ kan wà tó yẹ ká fún un: ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè é ní olójóro. Ojóro wà níbi tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ bá wà. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Digital Eclipse tún Wizardry ti 1981 ṣe, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí òṣèré yan èyí tó fẹ́ nínú òfin àtijọ́ àti ti ìrọ̀rùn. Àwọn kan bínú. Èmi ò rí ohun ìbínú níbẹ̀. Ìrọ̀rùn tí ẹlòmíì yàn kò jí òkú mi kan dìde. Kìkì ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ ni pé kí wọ́n má mú èyí tó le kúrò nílẹ̀ nítorí pé àwọn kan ò fẹ́ ẹ, torí pé ó wúlò fún àwa kan.

Ó wúlò báwo? Ṣé ẹ rí i, kí n tó mọ géèmù yìí, tí mo bá gbòdo nínú iṣẹ́ máàsì, màá ká ìwé náà, màá tì í sísàlẹ̀ àpò. Ní báyìí, mo máa ń fẹ́ mọ ìlà tí mo ti ṣìnà gan-an. Ṣé ìlà kẹta ni àbí ìlà karùn-ún? Ṣé mo gbàgbé àmì ìyọkúrò ni? Mi ò sọ pé géèmù ló ń jẹ́ kí èèyàn yege o, kí àwọn òbí má bàa wá fi ìwé yìí ṣẹlẹ́rìí lòdì sí mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó ti mọ́ mi lára láti wo ẹ̀yìn tí mo bá ṣubú.

Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹ̀bẹ̀ kékeré kan sí ẹ̀yin olùkọ́ wa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìdánwò tó le kì í bà wá lẹ́rù tó bí ẹ ṣe rò. Èyí tó ń bà wá lẹ́rù ni èyí tí a gba máàkì rẹ̀ láìfojú kan ìwé wa mọ́. Ọmọ gba 38, ó mọ̀ pé òun kú, kò mọ ohun tó pa òun. Tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀, ibi kan náà ló tún máa kú sí. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ṣeé ṣe, ẹ máa dá ìwé ìdánwò padà fún wa, kódà fún ọjọ́ kan péré, ká lè rí ibi tí Goo ti wú tí a ò sún sẹ́yìn.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó má wá pariwo lẹ́yìn kíláàsì mọ́. Kó kọ èsì tirẹ̀ sínú ìwé, kó fún olóòtú wa kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ọ́, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tèmi níbí. Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi pé kó kọ tirẹ̀. Ó ní òun máa kọ ọ́, tí ẹja bá tètè tà.